Ta ló dá fáìlì náà padà?

Ìbéèrè tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń bójú tó ìkànnì ilé-ìwé aládàáni kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn òbí ti ń kún fọ́ọ̀mù láti gba ọmọ wọn wọlé. PHP ni mo fi kọ ọ́, nginx (ètò tó ń kọ́kọ́ gba ohun tí browser fi ránṣẹ́) ló wà níwájú rẹ̀, orí VPS (server àyágbé) kékeré tí RAM rẹ̀ jẹ́ 1GB ló sì wà. Òbí ní láti fi fọ́tò páṣípọ́ọ̀tì, ìwé ìbí, èsì láti ilé-ìwé tí ọmọ ti ń bọ̀ àti ìwé ẹ̀rí ìbílẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan ní àwọn rí 413, àṣìṣe tó ń sọ pé ẹrù tóbi jù. Àwọn kan ní àwọn kún gbogbo fọ́ọ̀mù, ìkànnì tún ní àwọn kò kọ orúkọ. Ti àwọn mìíràn wọlé, ṣùgbọ́n fọ́tò kò bá a wọlé. Ẹni tó kọ́kọ́ to server náà ti fi client_max_body_size 10m (gbèdéke ìwọ̀n ẹrù) sínú nginx. Èmi náà yí upload_max_filesize sí 20MB nínú php.ini (fáìlì ètò PHP), kò yí nǹkan kan padà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kúkú yọ gbogbo gbèdéke, kí n fi òdo síbẹ̀. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?"

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Má fi òdo síbẹ̀. Màá sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá, ṣùgbọ́n jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú ohun tó lọ́ pọ̀ yìí. Bí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ ṣe ń wò ó, bí ẹni pé gbèdéke kan ṣoṣo ló wà, tí ẹ fẹ́ fẹ̀ tàbí kí ẹ yọ kúrò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbèdéke mẹ́ta ló wà láàárín fóònù òbí àti kóòdù tí o kọ, kò sì sí èyí tó mọ̀ pé èkejì wà. Ilé tó ní géètì lójú títì, ìlẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ìlẹ̀kùn yàrá ni ọ̀rọ̀ náà jọ: bó ti wù kí o fẹ ìlẹ̀kùn yàrá tó, bẹ́ẹ̀dì tí kò gba géètì kọjá kò ní dé ibẹ̀. Ohun tó ṣe wá ní àǹfààní ni pé bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ń dá fáìlì padà yàtọ̀ síra. Àwọn òbí tó ń pè ọ́ ti sọ èyí tó dá tiwọn padà fún ọ, wọn kò kàn mọ̀ pé àwọn ń sọ ọ́ ni.

Jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó rí 413. Nginx ló dá tiwọn padà. Ká ní ẹni tó to server náà kò kọ 10m yẹn síbẹ̀, 1MB péré ni nginx ìbá máa gbà, nítorí iye tó bá a wá láti ilé nìyẹn. Fọ́tò kan tí fóònù òde òní yà lè tó 3MB sí 5MB. Bí òbí bá ya ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní 3MB, 12MB nìyẹn, ó ti ju 10MB lọ. Nginx kì í dúró kí gbogbo rẹ̀ dé kó tó pinnu: browser máa ń kọ́kọ́ sọ iye báìtì tó ń bọ̀ nínú Content-Length, nginx á wò ó, á sì dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ojú ìwé funfun tí wọ́n kọ 413 Request Entity Too Large sí, tí orúkọ nginx wà lábẹ́ ìlà kan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti wá. PHP kò gbọ́ nípa rẹ̀ rárá, ìdí nìyẹn tí kóòdù rẹ kò fi lè bá òbí náà sọ nǹkan kan. Nígbà mìíràn, browser ṣì ń kó fáìlì lọ nígbà tí nginx ti ń ti ìlẹ̀kùn, kò sì ní fi 413 hàn dáadáa. Á kàn ní ìsopọ̀ já. Òbí á rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni, á tún un fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, dátà rẹ̀ á sì tán. Lọ ṣí /var/log/nginx/error.log. Wàá rí ìlà tí wọ́n kọ client intended to send too large body sí, pẹ̀lú iye báìtì tí ẹni náà fẹ́ fi ránṣẹ́. Kó àwọn iye yẹn jọ, torí wọ́n máa wúlò nígbà tí a bá fẹ́ mú gbèdéke tuntun.

Àwọn tí ìkànnì ní wọn kò kọ orúkọ, òótọ́ ni wọ́n ń sọ, wọ́n kọ ọ́. PHP ní gbèdéke tirẹ̀ fún àpapọ̀ gbogbo ohun tí fọ́ọ̀mù kan gbé wá. Post_max_size ni orúkọ rẹ̀, 8M ló sì bá a wá láti ilé. Bí àpapọ̀ bá ju ìyẹn lọ, PHP kì í dá iṣẹ́ dúró. Á da gbogbo ẹrù náà nù, á sì jẹ́ kí kóòdù rẹ máa lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, àmọ́ $_POST àti $_FILES, ibi tí PHP ń kó ohun tí fọ́ọ̀mù gbé wá sí, á ṣófo. Kóòdù rẹ wá orúkọ, kò rí i, ó wá dá òbí lẹ́bi. Wo iye méjèèjì: nginx rẹ ń gba 10MB, PHP rẹ ń gba 8MB. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bọ́ sí àárín 8 sí 10 ni nginx ní kó kọjá tí PHP sì da tirẹ̀ nù. Nínú log PHP, wàá rí ohun tó jọ POST Content-Length of 9437184 bytes exceeds the limit of 8388608 bytes. Kí o tó yẹ orúkọ wò nínú kóòdù, fi ìlà kan síbẹ̀: bí REQUEST_METHOD bá jẹ́ POST, tí $_POST ṣófo, tí $_SERVER['CONTENT_LENGTH'] sì ju òdo lọ, ẹrù ló pọ̀ jù, sọ bẹ́ẹ̀ fún òbí. Mo ti rí ìkànnì tó ń sọ fún ènìyàn pé kó lọ tún wọlé torí pé token ààbò fọ́ọ̀mù náà (àmì tí ìkànnì fi ń mọ̀ pé fọ́ọ̀mù tirẹ̀ ni) bá ẹrù lọ, tí àwọn tó ni ín sì fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ wá àrùn náà sí ibi tí kò sí.

Àwọn tí fọ́ọ̀mù wọn wọlé láìsí fọ́tò ni gbèdéke kẹta bá wí. Upload_max_filesize ń wo fáìlì kọ̀ọ̀kan, 2M ni iye tirẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án. Orúkọ àti àdírẹ́sì á wọlé, ṣùgbọ́n nínú $_FILES, ibi tí wọ́n kọ error sí fún fáìlì náà á jẹ́ 1, size á jẹ́ 0, tmp_name á sì ṣófo. Ó dá mi lójú pé kóòdù rẹ kò wo error yẹn. Ó kàn ń wò bóyá tmp_name wà, bí kò bá sí, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Kọ́kọ́ wo error kí o tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. 1 ni pé fáìlì ju ohun tí PHP ń gbà lọ, 3 ni pé ìsopọ̀ já lójú ọ̀nà tí apá kan ṣoṣo dé, 4 ni pé òbí kò yan fáìlì rárá. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí o sọ fún àwọn mẹ́ta yìí kò jọra, má ṣe kó wọn jọ sábẹ́ "àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀".

Ó kan 20MB tí o kọ tí kò ṣiṣẹ́. PHP kò mọ MB. M nìkan ló mọ̀, pẹ̀lú K àti G. Bí o bá kọ 20MB, lẹ́tà B tó wà níparí ni yóò wò, kò mọ̀ ọ́n, á sì ka gbogbo rẹ̀ sí 20 báìtì. Láti PHP 8.2, ó máa ń kìlọ̀ nínú log, ṣùgbọ́n 20 báìtì náà ni yóò ṣì mú. Wàyí o, ká ní PHP ti ka ohun tí o kọ yẹn ni, gbogbo fọ́tò pátá ni ìbá dá padà, tó fi mọ́ èyí tó kéré jù lọ. O sì ní kò sí nǹkan tó yí padà. Ohun tí èyí ń sọ ni pé PHP tó ń ṣiṣẹ́ fún ìkànnì rẹ kò tíì rí ohun tí o kọ. Lórí Ubuntu àti Debian, php.ini kì í ṣe ẹyọ kan: ọ̀kan wà nínú /etc/php/8.3/cli fún ohun tí o bá tẹ̀ sí terminal, òmíràn wà nínú /etc/php/8.3/fpm fún ìkànnì (nọ́ńbà àárín yẹn ń tẹ̀ lé ẹ̀dà PHP rẹ). Bí o bá tẹ php -i sí terminal, ti cli ni yóò fi hàn ọ́, á sì tàn ọ́. Ṣe fáìlì kékeré tó ní phpinfo() nínú, ṣí i láti inú browser, wo ibi tí wọ́n kọ Loaded Configuration File sí: ibẹ̀ ni kí o lọ tún ṣe. Pa fáìlì phpinfo náà rẹ́ ní kété tí o bá ti wò ó tán, nítorí ó ń tú àṣírí server fún ẹnikẹ́ni tó bá rí i. Lẹ́yìn náà, tún php-fpm (PHP tó ń ṣiṣẹ́ fún ìkànnì) gbé dìde, torí php.ini tí a yí kì í ṣiṣẹ́ títí tí a ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Má sì gbìyànjú ini_set, àṣẹ tí a fi ń yí ètò PHP, nínú kóòdù. Kí kóòdù rẹ tó bẹ̀rẹ̀, PHP ti gba fáìlì tán tàbí kó ti kọ̀ ọ́.

Ní ti òdo, mo mọ ìdí tí ọ̀rẹ́ rẹ fi sọ ọ́. Bí o bá ṣe é lónìí, àwọn òbí ò ní pè ọ́ mọ́ lálẹ́ òní. Nínú nginx, òdo túmọ̀ sí pé kó má wo ìwọ̀n rárá, bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún post_max_size. Àmọ́ ronú sí ọ̀nà tí fáìlì ń gbà. Nginx á kọ́kọ́ kó gbogbo rẹ̀ sórí díìsìkì tirẹ̀ kó tó gbé e fún PHP, PHP náà á tún kọ ọ́ sínú àpótí onígbà díẹ̀ tirẹ̀, nítorí náà fáìlì kan lè gba àyè ẹ̀ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀kan náà. Fọ́ọ̀mù rẹ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ olè. Ọmọdé tó fi fídíò ìgbéyàwó 2GB síbi fọ́tò páṣípọ́ọ̀tì tó. Bí díìsìkì bá kún, kì í ṣe fọ́ọ̀mù nìkan ló ń kú. MySQL tó ń kó dátà ìkànnì pamọ́ kò ní lè kọ nǹkan sílẹ̀ mọ́, session (ohun tí ìkànnì fi ń rántí ẹni tó wọlé) kò ní dúró, akọ̀wé ilé-ìwé kò ní lè wọlé sínú ìkànnì. Log náà kò ní rí àyè kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń le jù, torí ìwọ tí wọ́n pè ní aago márùn-ún ìdájí kò ní rí ohun tí o lè fi mọ ìdí rẹ̀.

RAM náà wà ńbẹ̀, ìwọ̀n fáìlì nìkan kò sì lè ṣọ́ ọ. PHP kì í kó fáìlì tí ń bọ̀ sínú RAM, orí díìsìkì ló ń dà á sí, ìyẹn kò burú. Ibi tí ewu wà ni ìgbà tí o bá ṣí fọ́tò náà láti gé e kéré. Fọ́tò tó jẹ́ 4000 níbùú àti 3000 lóòró lè jẹ́ 4MB gẹ́gẹ́ bí JPEG, ṣùgbọ́n bí GD (irinṣẹ́ àwòrán inú PHP) bá tú u, mílíọ̀nù méjìlá àmì àwọ̀ ni, báìtì mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti di nǹkan bíi 48MB. Bí òbí mẹ́wàá bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà lórí RAM 1GB, o ti mọ ibi tó máa já sí. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe ọ́ ní ibi lè ṣe àwòrán tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó 1MB ṣùgbọ́n tí ìbú àti òóró rẹ̀ tóbi kọjá ààlà. Nítorí náà, lo getimagesize láti wo ìbú àti òóró kí o tó ṣí i, kí o sì kọ èyí tó bá pọ̀ jù.

Síbẹ̀, gbèdéke tó kéré jù náà ń ni ènìyàn lára, mi ò sì fẹ́ kí o sá fún òdo kí o wá lọ fi 200KB síbẹ̀ bí àwọn ìkànnì kan ṣe máa ń ṣe. Òbí tí kò mọ bí a ṣe ń dín fọ́tò kù á wọ ọkọ̀ lọ sí káfé, á sanwó fún ẹni tó máa bá a dín in kù, ìwé èsì ọmọ á sì dé ọ̀dọ̀ yín ní ṣíṣú tí ẹnikẹ́ni kò lè ka máàkì inú rẹ̀. Orí ìwé fúnra rẹ̀ ni kí o ti mú gbèdéke: kí ni ìwọ̀n ìwé èsì tí wọ́n fi fóònù yà tí a lè kà dáadáa? Àwọn iye báìtì tí o kó jọ láti inú log á fi hàn ọ́ ohun táwọn òbí tìrẹ ń gbé wá. Lójú tèmi, 5MB fún ìwé kọ̀ọ̀kan àti 1MB fún páṣípọ́ọ̀tì tó. Lẹ́yìn náà, to àwọn gbèdéke náà kí ti inú lọ́hùn-ún kéré jù, kí ti ìta tóbi jù, torí pé kóòdù rẹ nìkan ló lè fi èdè tí òbí gbọ́ ṣàlàyé. Kóòdù rẹ: 5MB. Upload_max_filesize: 6M. Fáìlì mẹ́rin lọ́nà 6 jẹ́ 24, nítorí náà post_max_size: 26M. Nginx: 30m. Báyìí, fáìlì 5.5MB á dé ọ̀dọ̀ kóòdù rẹ, kóòdù rẹ á sì bá òbí sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí. Ẹni tó gbé 2GB wá ní tirẹ̀ á bá nginx pàdé lẹ́nu géètì. Bí gbogbo ojú ìwé rẹ bá ń gba index.php kọjá, inú server ni kí o kọ 30m yẹn sí, má kọ ọ́ sínú location (apá ètò nginx tó wà fún àdírẹ́sì kan) ti fọ́ọ̀mù nìkan, torí nginx á tún yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó bá gbé e lọ sí location ti PHP, ti ibẹ̀ ni yóò sì mú. Ṣe nginx -t láti yẹ ètò náà wò kí o tó ní kó tún un kà.

Ibi tó jẹ mí lógún jù ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí fáìlì tó kúrò lórí fóònù. Gbogbo gbèdéke orí server, ìgbà tí òbí bá ti ń fi dátà rẹ̀ ránṣẹ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Nínú JavaScript, ní kété tí òbí bá yan fáìlì, wo file.size, bó bá ju 5 * 1024 * 1024 lọ, sọ fún un níbẹ̀, kí kọ́bọ̀ kan má bàa ná an. Èyí kì í ṣe ààbò o. Ẹni tó bá mọ curl lò, irinṣẹ́ tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí server láìsí browser, á fo gbogbo rẹ̀ kọjá, nítorí náà ti server gbọ́dọ̀ ṣì wà. MAX_FILE_SIZE tí àwọn kan máa ń fi pa mọ́ sínú fọ́ọ̀mù kò ràn ọ́ lọ́wọ́ níhìn-ín, torí browser kì í wò ó, PHP ló ń wò ó lẹ́yìn tí fáìlì ti ń wọlé. Ìwé tó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ fífi fáìlì ránṣẹ́ látinú fọ́ọ̀mù kalẹ̀, RFC 1867 ti oṣù kọkànlá ọdún 1995, dábàá pé kí maxlength máa sọ ìwọ̀n tí server lè gbà fún browser. Ká ní ó dúró ni, iṣẹ́ rẹ ìbá dín kù. Lónìí, maxlength lórí input fáìlì kò ṣe nǹkan kan.

O tún lè dín fọ́tò náà kù lórí fóònù kó tó gbéra: gbé e sórí canvas (ojú ìyàwòrán inú browser), jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù wà ní 2000, fi toBlob sọ ọ́ di JPEG ní 0.8. Fọ́tò 4MB sábà máa ń bọ́ sí abẹ́ 1MB, lẹ́tà ìwé èsì á sì ṣì ṣe é kà. Dán an wò lórí ìwé tó ní òǹtẹ̀ àti nọ́ńbà wínníwínní, fi ojú ara rẹ kà á kí o tó gbà pé ó dára. Ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ fún PDF, ọ̀pọ̀ browser kò lè ṣí HEIC tí iPhone ń yà, fóònù tó ti pẹ́ sì lè pa ojú ìwé dé nígbà tó bá ń gbìyànjú rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, jẹ́ kí fáìlì náà lọ bó ṣe wà, bí kò bá ti ju 5MB.

Àwọn kan á ní kí o máa jẹ́ kí fáìlì lọ tààrà sí ibi ìkópamọ́ bíi S3, pẹ̀lú content-length-range tó máa ṣọ́ ìwọ̀n níbẹ̀, tàbí kí o lo tus tó ń bá fáìlì tó já lọ láti ibi tó dúró sí. Ohun tó dára ni méjèèjì, bí ilé-ìwé bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba fídíò lọ́jọ́ iwájú, ibẹ̀ ni kí o lọ. Fún ìwé mẹ́rin, iṣẹ́ tó máa dá sílẹ̀ ju èrè rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sì wà lórí hosting àjọpín tí kò lè fọwọ́ kan nginx, .user.ini lè yí ti PHP fún un, kó mú sùúrù ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó dán an wò, torí iye àkókò tí PHP ń fi sẹ́yìn kó tó tún un kà nìyẹn; ti nginx ní tirẹ̀, àwọn tó ni server ni yóò bẹ̀.

Ohun kan wà tí fífẹ gbèdéke kò lè wò sàn: nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó ń já. Bí òbí kan bá ń fi 20MB ránṣẹ́ láti ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń ṣe ségesège, tó já lórí ìwé kẹrin, gbogbo rẹ̀ ló tún máa bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ráyè, jẹ́ kí ìwé kọ̀ọ̀kan lọ lọ́tọ̀ ní kété tí òbí bá yàn án, kí fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ wá gbé orúkọ àti àdírẹ́sì nìkan. Bó bá já, ìwé kan ló sọnù. Post_max_size á lè sọ̀kalẹ̀ sí 8M tó wà tẹ́lẹ̀, nginx náà á sì padà sí 10m, server rẹ á tún simi. Iṣẹ́ tó máa kún un ni pé àwọn kan á fi ìwé ránṣẹ́ tí wọn ò ní parí fọ́ọ̀mù, nítorí náà fi cron kan (iṣẹ́ tí server ń dá ṣe lásìkò) síbẹ̀ tó máa pa ìwé tí kò ní olúwa rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ méjì.

Bí o bá wá ń kọ ọ̀rọ̀ tí òbí máa rí, kọ iye rẹ̀ síbẹ̀. "Fáìlì tóbi jù" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò mọ ohun tó tóbi. Kọ ọ́ báyìí: "Ìwé ìbí tí ẹ yàn jẹ́ 7.2MB, 5MB ni a lè gbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un yà láti inú fóònù yín, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé lórí WhatsApp," kí ohun tí òbí ti kọ sínú fọ́ọ̀mù sì wà níbẹ̀ bó ṣe kọ ọ́.